Ìgbà ò lọ bí òréré: Bí ẹgbẹ́ BLO ṣe dìde, bó ṣe tú ká, àti bí ọwọ́ onílù rẹ̀ ṣe wọnú jùjú

Ní ọdún 1989, orin kan gbòde láti Ìbà, Okokomaiko àti Igbó-Elérin lójú ọ̀nà Badagry, títí dé Ìbàdàn, Òṣogbo àti Adó-Èkìtì. Àwo orin tí Shina Peters pè ní Ace ni. Níbi ìsìnkú, wọ́n ń gbé e sí i. Níbi ìkómọ, wọ́n ń gbé e sí i. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́ sídìí ẹmu rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Jùjú ni, àmọ́ jùjú tó ń sáré ni, ìlù rẹ̀ sì ń ta bí gúgúrú inú ìkòkò gbígbóná.

Gbogbo ayé ló mọ Shina Peters tó kọ orin náà. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ ẹni tó darí iṣẹ́ ọ̀hún ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, ẹni tó to ìlù mọ́ gìtá, tó to gìtá mọ́ ohùn, tó sì mọ èyí tó yẹ kó wọlé àti èyí tó yẹ kó jáde. Laolu Akins ni wọ́n ń pè é nídìí iṣẹ́ orin. Akíntóbi ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Ebenezer Obey, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Sunny Adé. Ìdí orin rọ́ọ̀kì ló ti wá, ìyẹn orin àwọn òyìnbó onírun gígùn, tí gìtá oníná wọn ń ké bí ẹ̀rọ ilé ìlagi.

BLO ni orúkọ ẹgbẹ́ tó ti lu ìlù. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní Èkó láàárín ọdún 1972 sí 1975 lè rántí orúkọ náà. Ìtàn BLO jẹ́ ìtàn ẹgbẹ́ tí èrò fẹ́ràn ṣùgbọ́n tí ọjà kò gbà. Ó tún jẹ́ ìtàn bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ṣe lè ṣubú lójú gbogbo ènìyàn, kó sì dìde padà níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí.

ÒYÌNBÓ ONÍLÙ DÉ ÈKÓ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ orísun BLO ní láti kọ́kọ́ ya London. Ní ọdún 1966, àwọn òyìnbó mẹ́ta dá ẹgbẹ́ Cream sílẹ̀ níbẹ̀. Eric Clapton ń ta gìtá, Jack Bruce ń ta gìtá béèsì, ó sì ń kọrin, Ginger Baker ló wà nídìí ìlù jáàsì. Kò pẹ́ tí òkìkí wọn fi kàn dé Amẹ́ríkà. Ìró wọn le, ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá kúrò lágbo wọn yóò fi máa gbọ́ ọ létí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì líle tó jáde lẹ́yìn wọn ló ka Cream sí bàbá.

Ṣùgbọ́n ilé tí àwọn bàbá náà ń gbé kò tòrò. Bruce àti Baker a máa bá ara wọn jà, nígbà mìíràn lójú agbo pàápàá. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1968, wọ́n ṣeré ìdágbére ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall, ẹgbẹ́ tú ká. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ péré ló lò láyé.

Baker tún dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, ó tún dá tirẹ̀ sílẹ̀, kò sí èyí tó tọ́jọ́. Ọkàn rẹ̀ ń fà sí ìlù ilẹ̀ adúláwọ̀, ó sì ti mọ Fẹlá Aníkúlápó-Kútì láti London. Ní ọdún 1971, ó wa ọkọ̀ Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó. Tony Palmer, òyìnbó tó ń ya fíìmù, bá a rin ìrìn náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwo tí Fẹlá àti Baker jọ ṣe jáde.

Ibi tí Fẹlá ti ń ṣeré nígbà náà ni Afro-Spot, ní Yaba. Ibẹ̀ ni Baker ti bá àwọn ọ̀dọ́ kan pàdé tí ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́. Berkley Jones, onígìtá, àti Laolu Akins, onílù, ti wà nínú ẹgbẹ́ Clusters tí àwọn ará Èkó ń fi wé Beatles ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti ṣeré lẹ́yìn Geraldo Pino, ọmọ ilẹ̀ Sierra Leone tó mi Èkó tìtì ní àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bá àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, da ẹgbẹ́ Afrocollection pọ̀.

Bí Baker ṣe gbọ́ ìró ọwọ́ wọn, ó kó wọn mọ́ra. Ó sọ ẹgbẹ́ tuntun náà ní Salt, tó túmọ̀ sí iyọ̀. Ní ọdún 1972, Salt ré òkun kọjá, wọ́n ṣeré káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ tó ń ta gìtá ní Yaba lánàá ló wá ń ṣeré pẹ̀lú onílù Cream lójú àwọn òyìnbó. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ wọn ti kan ojú ọ̀run. Àmọ́ kí ọdún náà tó parí, iyọ̀ ti yọ́ sínú omi. Salt tú ká, àwọn ọmọ Èkó sì padà wálé láti bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

LẸ́TÀ MẸ́TA, ÈNÌYÀN MẸ́TA

Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn kò le láti túmọ̀. B dúró fún Berkley, L dúró fún Laolu, O dúró fún Odumosu, ẹni tó ń ta gìtá béèsì. Gbenga ni orúkọ Odumosu, àwọn mìíràn sì ń pè é ní Mike. Gìtá kan, béèsì kan, ìlù kan, gẹ́gẹ́ bí ti Cream gan-an. Nínú ẹgbẹ́ jùjú ńlá ìgbà náà, àwọn onígìtá nìkan lè tó mẹ́rin, kí a tó wá ka onígángan, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àwọn elégbè.

Àsìkò náà bá irú orin bẹ́ẹ̀ mu. Ogun abẹ́lé ti parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Owó epo rọ̀bì ń wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ń wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀, wọ́n sì ń dá irun wọn sí kó kún orí bí igbó. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì hù káàkiri bí olú. Ní ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's ní Èkó, àwọn ọmọ iléèwé girama dá Ofege sílẹ̀, àwo wọn tó jáde ní 1973 sì tà wàràwàrà. Joni Haastrup, tí òun náà ti bá Baker ṣeré lókè òkun, dá Monomono sílẹ̀.

BLO wà lára àwọn tó ta yọ. Fún nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi ń káàkiri, tí èrò ń wọ́ tẹ̀ lé wọn, kí àwo wọn àkọ́kọ́ tó jáde. Ní ọdún 1973, ilé iṣẹ́ EMI gbé e jáde. Wọ́n pè é ní Chapter One, ìyẹn orí kìíní. Ẹni tó bá sọ orúkọ ìwé rẹ̀ ní orí kìíní, orí kejì àti ìkẹta ló ń rò tẹ́lẹ̀.

EMI KAN, ÀWO MÉJÌ

Ọdún 1973 yìí náà ni òyìnbó mìíràn gbé orin rẹ̀ wá sí Èkó. Paul McCartney, tó ti wà nínú Beatles, fẹ́ gba àwo tuntun sílẹ̀, ó sì yan ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Apapa. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra, méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn kò lọ mọ́. McCartney kò torí ìyẹn dúró. Ó dé Èkó ní oṣù kẹjọ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Linda, àti onígìtá kan ṣoṣo, Denny Laine.

Ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú Èkó kò rọrùn. Àwọn adigunjalè dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà lálẹ́, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti ń dán orin rẹ̀ wò sórí rẹ̀. Fẹlá wá fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin adúláwọ̀ kó lọ. McCartney ní láti jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ó ń ṣe, kó lè mọ̀ pé kò sí orin Fẹlá nínú rẹ̀. Ginger Baker náà ti ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sí Ikeja ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ó sì fẹ́ kí McCartney wá lò ó. Orin kan péré ni McCartney lọ gbà sílẹ̀ níbẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, nígbà tí àwo náà, Band on the Run, jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1973, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ló tà lágbàáyé. Títí di òní, ó wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń yìn jù lọ nínú èyí tí McCartney ṣe lẹ́yìn Beatles.

Èkó kan náà, ọdún kan náà, EMI kan náà. Àwo BLO kò tà.

BÀBÁ LÓ NI GÍRÁMAFÓÒNÙ

Kí ló fà á? Ìró BLO kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbọ́ Chapter One lónìí yóò gbọ́ gìtá tó ń sọ̀rọ̀ àti ìlù tó ní làákàyè. Ibi tí owó ti ń wá ni ìṣòro wà.

Àwọn ọ̀dọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kún agbo BLO. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ná kò ju ti ẹnu ọ̀nà lọ. Àwo ńlá wọ́n lójú rẹ̀, kò sì ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ. Bàbá ló ni gírámafóònù, ohun tí bàbá bá sì fẹ́ ni gírámafóònù ń kọ. Bàbá fẹ́ Obey. Bàbá fẹ́ Sunny Adé. Bàbá fẹ́ Haruna Ìṣọ̀lá àti Yusuf Ọlátúnjí. Ta ni yóò jẹ́ gbé àwo tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlagi sí i nínú ilé, nígbà tí bàbá ń sinmi?

Ohun kejì ni òde àríyá. Olórin jùjú, àpàlà tàbí sákárà kì í fojú sọ́nà fún owó àwo nìkan. Bí ó bá ti rí olówó nínú agbo, yóò dárúkọ rẹ̀, yóò kan bàbá rẹ̀, yóò kan ìlú rẹ̀, yóò sì kan òwò tó ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin, ó sì ti kún inú àpótí. Àwo náà a tún gbé orúkọ olówó ọ̀hún káàkiri, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò sì rà á. Ta ni olórin rọ́ọ̀kì fẹ́ kì? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú orin wọn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ilé ayé ni wọ́n sì ń sọ. Ẹni tí a kò pe oríkì rẹ̀ kì í náwó.

Ohun kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ní ọdún 1969, Haruna Ìṣọ̀lá, alápàlà, àti I.K. Dairo, onijùjú, ti dá ilé iṣẹ́ STAR Records sílẹ̀, kí èrè orin wọn má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láàárín àwọn ọdún 1970, Sunny Adé náà dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di 1979, Haruna Ìṣọ̀lá ti kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn àgbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Èkó ń wò bí ará oko ni wọ́n tètè mọ̀ pé ẹni tó ni oko ló ni iṣu. BLO ń ta gìtá tó bá ìgbà mu, ṣùgbọ́n oko olóko ni wọ́n ń ro.

ORÍ KEJÌ, ORÍ KẸTA

BLO fi EMI sílẹ̀, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ Decca, tó ń lo orúkọ Afrodisia lára àwo. Ní ọdún 1975, wọ́n gbé Phase 2 jáde. Ìró ti yí padà. Gìtá tó ń ké ti rọlẹ̀ díẹ̀, ìlù ijó ló gbapò. Wọ́n ti rí i pé ènìyàn kì í jókòó wo orin ní Èkó, ijó ni wọ́n ń bá wá.

Kò tíì rọgbọ fún wọn nígbà tí ẹsẹ̀ kan yẹ̀ nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta ààrò. Odumosu kúrò, ó lọ dara pọ̀ mọ́ Osibisa ní London. Osibisa ni ẹgbẹ́ tí Teddy Osei àti àwọn ọmọ Gánà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1969. Orin wọn, Sunshine Day, wọ inú àwọn orin tó ń tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1976. Ẹni tó bá rí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí kò gbà á, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bú u. Ẹni tó wá ń ta béèsì fún BLO lẹ́yìn rẹ̀ ni Biddy Wright, ẹni tó darí gbígba àwọn àwo ìbejì Lijadu sílẹ̀. Lẹ́tà O ṣì wà nínú orúkọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ti lọ.

Àwọn àwo mìíràn tẹ̀ lé e: Step Three, Phase IV. Nígbà tí orin dísíkò gba ayé, àwọn náà ṣe é. Wọ́n tilẹ̀ sọ àwo kan ní Bulky Backside, èyí tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ̀ pé ìdí ńlá ni. Ọ̀nà jìn láti ọ̀dọ̀ Ginger Baker dé ibẹ̀, àmọ́ ẹni tí ebi ń pa kì í bá ọjà jà. Ní ọdún 1982, wọ́n gbé Back in Time jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, BLO tú ká. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é.

Ìgbà pàápàá ti yí padà. Owó epo ti wálẹ̀, ológun gbàjọba ní òpin ọdún 1983, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti 1986 nígbà ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP. Kásẹ́ẹ̀tì lé àwo ńlá kúrò lọ́jà. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, aládàkọ lè dà á kọ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ olórin tún jáde ní 1988, ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ tó ti tú ká, agbòjò tó dé lẹ́yìn òjò ni.

ÀWO DÁKẸ́, ỌWỌ́ KÒ DÁKẸ́

Ibí ni ìtàn náà ì bá parí sí, bí kì í bá ṣe ti Laolu Akins. Kò sunkún pé rọ́ọ̀kì kò jẹ́. Ó kúrò níwájú èrò, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì ń bá àwọn olórin mìíràn tún orin wọn ṣe. Iṣẹ́ tí kò lórúkọ ni. Lára àwo, lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi ń kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ CBS fẹ́ gbé Shina Peters jáde, òun ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Shina Peters ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí jùjú nígbà náà. Ó ti wà lẹ́yìn Prince Adékúnlé, òun àti Ṣẹ́gun Adéwálé sì ti jọ ní ẹgbẹ́ kí wọ́n tó pínyà. Ó mọ jùjú dójú àmì. Laolu Akins sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí ìlù jáàsì àti gìtá oníná gbóná. Wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Ohun tó jáde ni Ace. Ó tà débi pé nígbà tí àwo mìíràn tẹ̀ lé e ní 1990, Shinamania ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn wèrè Shina.

Bàbá tó lé ọmọ kúrò nídìí gírámafóònù ní 1973 nítorí BLO, òun ló dìde jó ní 1989. Kò mọ̀ pé onílù BLO ló wà lẹ́yìn ìró náà.

Ginger Baker ní tirẹ̀ kò rí Èkó gbé pẹ́. Òun àti Fẹlá jìnnà síra, ó ń gẹṣin póòlò pẹ̀lú àwọn ọlọ́lá, kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ó sì ti kúrò ní Nàìjíríà láìní ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà lọ́wọ́ mọ́. Ó gbé Ítálì, ó gbé Amẹ́ríkà, ó gbé South Africa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, Cream tún padà sí Royal Albert Hall fún alẹ́ mẹ́rin, ọdún 37 lẹ́yìn tí wọ́n dágbére níbẹ̀. Jack Bruce kú ní 2014. Baker kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 2019, ó ti pé ẹni 80 ọdún. Kẹ́hìndé Lijadu náà tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn.

Bí ènìyàn bá ń ti Igbó-Elérin tàbí Okokomaiko bọ̀, tó forí lé Mile Two, yóò kọjá ọjà Àlàbá ní Ọjọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà ti ń ra rédíò àti ẹ̀rọ agbóhùnjáde, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ta orin olórin lọ́pọ̀ yanturu, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́, ní ìgbà kásẹ́ẹ̀tì àti ìgbà síídì. Àmọ́ London ni àwọn tó wá orin BLO rí ti kọ́kọ́ rí i. Ní ọdún 2001, ilé iṣẹ́ Strut kó orin àtijọ́ ilẹ̀ wa jọ sínú àwo kan tí wọ́n pè ní Nigeria 70, BLO sì wà lára wọn. Àwọn òyìnbó tí wọn kò tíì bí nígbà tí Chapter One jáde ló ń rà á.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àwo tí kò tà ní 1973 ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ BLO kò ní láti dé London. Kó dúró de ìnáwó tó bá tún wáyé ládùúgbò rẹ̀. Bí àwọn àgbà bá ti ní kí wọ́n gbé Ace sí i, kó fetí sí ìlù náà dáadáa.